Yàrá Ẹnìkan ní Ìlú Yunifásítì

"Ọwọ́ kejì," ni tábìlì náà wí.

Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi kúrò lórí gíláàsì rẹ̀, mo nù ún mọ́ aṣọ mi, mo tún gbé e padà, mo sì tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi. Gíláàsì náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. Ilé ìtura mẹ́ta dìde lórí rẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan wọn ò ju ife omi lọ, wọ́n ń yí díẹ̀díẹ̀ kí n lè rí ẹ̀yìn wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi ni àwòrán ọwọ́ mìíràn wà, ó ń tan iná aláwọ̀ aró, ó ń dúró de ẹni tó ni ín.

"Ọwọ́ kejì, ẹ jọ̀ọ́. Ti ènìyàn méjì ni ìwé ìsinmi yín."

"Mo ti gbọ́," ni mo wí.

Gbọ̀ngàn ibùdókọ̀ rélùwéè náà kún. Tọkọtaya ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tó ti lo ogójì ọdún pọ̀ bíi tiwa, tí ìjọba fún ní alẹ́ mẹ́ta ní ìlú àtijọ́ tó bá wù wọ́n. Ní tábìlì tó kángun sí tèmi, ìyá kan ti gbé ọwọ́ tirẹ̀ kúrò lórí gíláàsì, ó sì fi í pa mọ́ abẹ́ apá.

"Èmi ò ní sùn nínú láíbìrì o, Bàbá Yéwándé. Ìwé tí mo ń sá fún látọjọ́ tí mo ti wà lọ́mọdé, ẹ wá fẹ́ kí n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sáàárín rẹ̀?"

"Ta ló ní kí o kà á? Sùn lo máa sùn."

"Tí ọ̀kan bá já lé mi lórí ńkọ́?"

"A jẹ́ pé ó wọ orí rẹ nìyẹn."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí, ó gbá ọkọ rẹ̀ léjìká, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ padà sórí gíláàsì. Mo yí ojú mi kúrò.

Òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ kan ti rí mi. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, orúkọ rẹ̀ wà láyà aṣọ rẹ̀: Ọ̀wọ́adé. Ó tẹrí ba kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú ìrìnàjò, Mà. Ṣé Bàbá ń bọ̀ lẹ́yìn ni?"

"Wọn ò bá mi wá."

Ó wo ọrùn ọwọ́ mi. Ìlẹ̀kẹ̀ méjì tí ẹ̀rọ fi ń mọ ẹni àti ìṣe ẹni ló wà níbẹ̀, tèmi tó dúdú bí kóró iṣin, àti ọ̀kan tó pọ́n, tó tóbi jù fún mi, tí mo fi òwú dè kó má baà bọ́. Kò sí ẹni tó ń gbé ìlẹ̀kẹ̀ ẹlòmíràn kiri láìnídìí. Ọ̀wọ́adé rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó ti tó ìgbà wo, Mà?"

"Oṣù mọ́kànlá."

"Ẹ kú ìrọ́jú. Olúwa á tù yín nínú." Ó tún wo ìlẹ̀kẹ̀ tó pọ́n náà. "Ẹ ò sì tíì dárúkọ wọn."

"Rárá."

"Ẹ̀rọ ò lè bá yín ṣe é, ẹ mọ̀. Láyé ìgbà kan, ẹ̀rọ ló máa ń ṣe é. Bàbá tèmi wà lára àwọn tí ẹ̀rọ ṣèèṣì kọ pé wọ́n ti kú. Wọ́n jókòó sí iwájú ilé wọn, wọ́n ń jẹ ọsàn, ilẹ̀kùn ò ṣí fún wọn mọ́. Ọkọ̀ ò gbé wọn. Ilé ìwòsàn ní òkú kì í gba oògùn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ ò bá a rẹ́rìn-ín. "Ìdí nìyẹn tí òfin fi wá sọ pé ẹnu ẹni tó sún mọ́ ọ jù lọ nìkan ló lè sọ pé o ò sí mọ́. Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó dún ketekete, lẹ́ẹ̀kan péré. Tí ẹ bá ti dárúkọ wọn, tábìlì yìí á fún yín ní yàrá ẹnìkan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tí ẹ ò bá sì dárúkọ wọn, méjì ni yóò máa kà yín. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òní ni ìwé ìsinmi yín máa kú; kó tó dìgbà náà, ẹ lè yan ilé ìtura kan, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀."

Bí ó ṣe rọrùn lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Kò mọ̀ pé n kò pe orúkọ ọkọ mi rí.

Ilé tí mo ti jáde wá, ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ. Ìyá mi ò pe ti bàbá mi títí wọ́n fi gbé e sin. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ ọkọ mi ní Yunifásítì, ọdún méjì ló fi ṣíwájú mi, Bùọ̀dá ni mò ń pè é. Nígbà tí a bí ọmọ wa, ó di Bàbá Ìníolúwa, ibẹ̀ náà ló sì dúró sí. Ó máa ń pa á lérìn-ín. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Tí ilé bá gbiná, tí mo sùn, orúkọ wo lo máa fi jí mi?" Mo ní, "Màá pariwo iná." Ó ní kò burú, òun á mọ̀ pé òun ló ń bá wí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìníolúwa pè mí láti òkè òkun. Ó ní, "Màámi, ẹ dárúkọ wọn kí ẹ̀yin náà lè rí ìsinmi." Mo ní mo ti gbọ́. Láti ọjọ́ náà, gbogbo aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ilé wa ní Òṣogbo ń bi mí pé, "Bàbá ò tíì wọlé. Ṣé kí n tilẹ̀kùn?" Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo ń dáhùn pé kó má tì í. Oṣù mọ́kànlá ni ilẹ̀kùn wa fi wà ní ṣíṣí. Yàrá wa sì ń ka èémí bíi ti gbogbo ilé, méjì ló sì ń retí, nítorí náà orí àga ní pálọ̀ ni mò ń sùn. Pálọ̀ kì í ka ènìyàn.

Mo yọ ìwé kan jáde nínú àpò mi. Ìwé gidi, tí a fi bíárò pupa kọ. Tíṣà ìṣirò ni Bàbá Ìníolúwa kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó kógbá wọlé, kò sì sí ohun tí kì í fún ní máàkì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi yẹ àwọn ilé ìtura ìlú yìí wò, ó ń ka wọn sí mi létí, à ń jiyàn. Ohun tó kọ nìyí:

*Ilé Agogo: mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ó gbayì. Bẹ́ẹ̀dì ń yí tẹ̀lé oòrùn. Ìyá Ìní á fẹ́ràn rẹ̀, á sì ṣe bí ẹni tí kò fẹ́.*

*Ilé Ìkàwé: méje àtààbọ̀. Òórùn ìwé dára. Eruku á mú mi húkọ́.*

*Ilé Àwọn Obìnrin: mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀dì tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnìkan sí yàrá kan. Mo ti dúró lẹ́nu géètì yẹn tó fún gbogbo ọjọ́ ayé mi.*

Ilé Àwọn Obìnrin yẹn ni mo gbé nígbà tí mò ń kàwé. Èmi ló fẹ́ ibẹ̀. Òun ló fẹ́ Ilé Agogo. A ò tíì parí iyàn náà.

"Ilé Agogo ni mo fẹ́," ni mo wí fún Ọ̀wọ́adé.

"Ti ènìyàn méjì ni gbogbo yàrá ibẹ̀, Mà."

"Mo mọ̀. Ibẹ̀ ni Bàbá Ìníolúwa fẹ́."

Ó bojú wẹ̀yìn. "Ọ̀nà kan wà. Òfin ò sọ pé ká má ṣe é. Ṣé ẹ ti gbọ́ nípa àwọn abánimí?"

N kò gbọ́ ọ rí.

"Yàrá ò mọ ojú ènìyàn, èémí ló ń kà. Tó bá ka ẹyọ kan níbi tó ti yẹ kó ka méjì, á ké sí àwọn panápaná, wọ́n á sì fọ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí fún máa ń mú abánimí kan dání. Á so ìlẹ̀kẹ̀ Bàbá mọ́wọ́, á gbé ọwọ́ lé tábìlì, á sùn sí bẹ́ẹ̀dì kejì, á máa mí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọlúàbí ni gbogbo wọn."

Ẹni tí ó pè wá ga, ó gbẹ, irun rẹ̀ ti funfun tán. Ó wé sálúbàtà rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, ó há a mọ́ abíyá. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ orí wa ò lè jìnnà síra.

"Arówólò ni wọ́n ń pè mí, Mà. Mi ò kì í hanrun. Mi ò kì í sọ̀rọ̀ tí wọn ò bá bá mi sọ̀rọ̀."

"Kí wá ni ẹ mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n mí, Mà," ó wí, òun nìkan ló sì rẹ́rìn-ín.

Mo tú òwú náà. Oṣù mọ́kànlá ni n kò tú u. Nígbà tí mo so ìlẹ̀kẹ̀ pupa náà mọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó bá a mu gẹ́lẹ́, ìyẹn sì dùn mí ju bí ì bá ti ṣe ká ní kò bá a mu. A gbé ọwọ́ wa sórí gíláàsì. Tábìlì náà ní, "Ẹ káàbọ̀, tọkọtaya," ilé ìtura méjì sì wọlẹ̀, ó ku Ilé Agogo.

Ọkọ̀ kékeré tí kò ní dẹ́rẹ́bà ló gbé wa kọjá nínú ọgbà Yunifásítì àtijọ́. Wọ́n ti tún gbogbo rẹ̀ kùn, kò sí ewé kan nílẹ̀. Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan, mo rí àwọn àlejò tí wọ́n jókòó lórí bẹ́ńṣì bí akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń na ọwọ́ sókè sí ère olùkọ́ kan kí wọ́n lè ya àwòrán ara wọn. Ohun tí wọ́n ń ti gbogbo ayé wá wò níbí nìyẹn, pé ìgbà kan wà tí àwọn èwe máa ń jókòó pọ̀ sínú yàrá kan ṣoṣo láti kọ́ ẹ̀kọ́. Ó ṣe mí bíi pé kí n sọ fún ẹnìkan pé ibi tí ọkùnrin tó dúdú yẹn jókòó sí, ibẹ̀ ni mo ti sùn lọ nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa ní ìtàn. Mo wo Ọ̀gbẹ́ni Arówólò. Ó ń wo ìta, ó ń mí.

Òkè téńté Ilé Agogo ni yàrá wa wà. A gbé ọwọ́ wa lé ilẹ̀kùn, ó ṣí, afẹ́fẹ́ tútù tó ní òórùn ewé ọsàn jáde sí wa. Gíláàsì ni ògiri rẹ̀, gbogbo òrùlé ìlú náà sì wà nísàlẹ̀, pupa títí dé ẹsẹ̀ òkè. Bẹ́ẹ̀dì méjì, wọ́n funfun, wọ́n fẹ̀, wọ́n kọjú sí oòrùn. Bàbá Ìníolúwa mọ̀ mí. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá Fẹ̀hìntọlá," ni yàrá náà wí. Lẹ́yìn náà ó pe orúkọ ọkọ mi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì fi "Bàbá" ṣíwájú wọn. Ohùn rẹ̀ dùn, kò yára.

"Ẹ ṣé o," ni Ọ̀gbẹ́ni Arówólò dáhùn.

Àga kan rọra yí sí i. Iná tó wà lókè rẹ̀ dín kù díẹ̀, bí Bàbá Ìníolúwa ṣe máa ń fẹ́ ẹ tó bá fẹ́ kàwé. Ògiri gbé tíì jáde, láìsí ṣúgà. Orin ìsìn tó máa ń fi ẹnu súfèé rẹ̀ láràárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ibi tí n kò rí. Àpótí ìtìsẹ̀ kan sì dìde láti inú ilẹ̀, ó dúró ní apá òsì.

Ọ̀gbẹ́ni Arówólò jókòó. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé àpótí náà.

"Orúnkún òsì yín ńkọ́, Bàbá?" ni yàrá náà béèrè.

"Ó ti sàn," ni Ọ̀gbẹ́ni Arówólò wí.

Kò sàn. Èmi ni mo ń fi omi gbígbóná àti iyọ̀ tẹ̀ ẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Ní òwúrọ̀ tí Bàbá Ìníolúwa kú, mo fọwọ́ kan orúnkún náà, ó wú, ó ṣì gbóná díẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn tí wọ́n fi gbé e lọ.

"Ẹ dìde lórí àga yẹn," ni mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ dìde."

Ó dìde kíákíá, ó gbá ago tíì náà mú kó má dànù. "Mo ṣẹ̀ yín, Mà?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Iṣẹ́ yín lẹ ṣe."

"Ẹ má bínú. Nǹkan tó bá béèrè, 'ó ti sàn' la máa ń sọ. Tí a bá ní kò sàn, á ránṣẹ́ pe dókítà." Ó tú ìlẹ̀kẹ̀ náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. "Àwọn tó kù, alẹ́ kejì ni wọ́n máa ń sunkún. Ẹ̀yin lẹ yá jù tí mo tíì rí."

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ìgbà tó jáde. Lẹ́yìn náà mo bi í bóyá òun náà ní ìyàwó.

"Mo ní in rí. Mo ti dárúkọ rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo rí oorun gidi sùn." Ó ń yí ọ̀rá sálúbàtà rẹ̀ lọ́wọ́. "Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Oorun wà, àmọ́ mi ò fẹ́ràn yàrá tó jẹ́ pé èémí tèmi nìkan ni mò ń gbọ́."

Mo ní kó mu tíì náà. Ó ní òun kì í mu ún láìsí ṣúgà. A jùmọ̀ jáde, ilẹ̀kùn náà sì kí wa pé ó dàbọ̀, ó tún pe orúkọ yẹn.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn lọ sí Ilé Àwọn Obìnrin. Agogo ńlá ti lu márùn-ún àtààbọ̀. Ọ̀nà náà kúrú ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ, àmọ́ igi fúrúùtù ṣì wà lẹ́nu géètì, ẹ̀ka rẹ̀ tẹ́ bí agboorùn, àti pèpéle sìmẹ́ńtì tí Bàbá Ìníolúwa máa ń jókòó sí lábẹ́ rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ọkùnrin kọjá ibẹ̀. Láti fèrèsé ni mo ti máa ń rí orí rẹ̀, tó tẹ̀ mọ́ ìwé, tó ń ṣe bí ẹni tí kì í ṣe èmi ló ń dúró dè. Nígbà mìíràn mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ kí n tó sọ̀kalẹ̀. Ọlọ́run dárí jì mí.

Ohùn tí wọ́n fi sí géètì náà dàbí ti àwọn ìyá pótà ayé ìgbà yẹn, ó le, kò ní ẹ̀rín.

"Ẹni mélòó?"

"Ẹnìkan."

"Ìwé yín ní méjì. Ẹnì kejì ńkọ́?"

"Ó ti kú."

"Ẹ dárúkọ rẹ̀."

"Bàbá Ìníolúwa."

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ọkọ mi."

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Bùọ̀dá," ni mo wí, ohùn mi ti ń lọ sílẹ̀. "Bùọ̀dá ni mo kọ́kọ́ ń pè é níbí."

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Mà. Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù."

Mo jókòó sórí pèpéle náà. Ó tutù. Mo ronú nípa ohùn dídùn inú Ilé Agogo tó pe orúkọ náà láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, àti àlejò tó jẹ́ ẹ, tó ní "ẹ ṣé o." Ẹ̀rọ ti pè é. Akọ̀wé ilé ìwòsàn ti pè é. Àwọn ọmọ tó kọ́ ní ìṣirò máa ń pariwo rẹ̀ ní títì. Gbogbo ayé ló ti lo orúkọ náà, ó ku èmi tí mo tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ fún ogójì ọdún ó lé, bí aṣọ tí a kò rí ọjọ́ tó tó láti wọ̀. N kò sì lè pè é kí ó gbọ́ mọ́.

Bí mo bá pè é, kò sí ẹni tó ń bọ̀ wálé mọ́.

Mo dìde, mo dúró níbi tí ó máa ń dúró sí, mo kọjú sí fèrèsé tó ti jẹ́ tèmi.

"Josáyà," ni mo wí. "Josáyà Ọlátúbọ̀sún Ládélé."

Kò le tó bí mo ṣe rò. Ó dùn lẹ́nu. Ìyẹn ni n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé ó dùn lẹ́nu. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti pè é nígbà tó wà láyé, kì bá ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ìlẹ̀kẹ̀ pupa náà tutù mọ́ mi lọ́wọ́, bí òkúta inú odò. Géètì ṣí.

"Ẹ kú ìrọ́jú," ni ohùn líle náà wí. "Ẹ wọlé."

Yàrá náà kéré. Tábìlì kan, àga kan, ìkọ́ aṣọ kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sí tíì nínú ògiri rẹ̀. Mo yọ ìwé Bàbá Ìníolúwa jáde, mo fi há fèrèsé tó kọjú sí igi fúrúùtù. Mẹ́ta nínú mẹ́wàá. N kò fọwọ́ kan máàkì náà, òun ni tíṣà.

Agogo ńlá lu mẹ́fà. Ilé wa sọ̀rọ̀ láti Òṣogbo nínú ìlẹ̀kẹ̀ dúdú mi.

"Ẹ kúrọ̀lẹ́, Mà. Ẹnìkan ló wà nínú ìwé mi báyìí, ẹni náà sì wà lẹ́yìn odi. Ṣé kí n tilẹ̀kùn?"

Mo fẹ́ dáhùn bí mo ṣe máa ń dáhùn. Ẹnu mi ti là kí n tó rántí.

"Tì í," ni mo wí.

Mo gbọ́ ọ. Láti ọ̀nà jíjìn yẹn, mo gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ náà ṣe yí, ẹ̀ẹ̀mejì, bí Bàbá Ìníolúwa ṣe máa ń yí i.

Mo bọ́ bàtà mi, mo sì dùbúlẹ̀. Mo sún mọ́ ògiri bí ó ti mọ́ mi lára, kí n lè fi àyè sílẹ̀. Apá mi kan ti kan ògiri, èkejì sì ti kan etí bẹ́ẹ̀dì. Òótọ́ ló kọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ibi tí ara mi gbà ni gbogbo rẹ̀, kò sí ibi kankan lórí rẹ̀ tó ṣófo.